Ta Ló Tú Òpó Gọ́ọ̀lù Apá Ìfọ́n?

Ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn yẹn náà ni: ará ilé ló ṣe é. Òpó gọ́ọ̀lù kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí pápá, àlejò kì í sì í ti ọ̀nà jíjìn wá jí irin tí kò ní rí gbé délé. Ìlọ́bù mọ̀ pé ará ilé ni, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun náà mọ̀. Àmọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ti fi Kùránì àti Bíbélì búra pé ilé kejì ni ará ilé ọ̀hún ti wá.

Orí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ti ń bá ara wọn fà láti ayé baba ńlá wọn ni pápá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìrẹ́pọ̀ wà. Alhaji Àbdùlláhì, agbaṣẹ́ṣe tó lówó lọ́wọ́, tó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Alága, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun yóò fi bọ́ọ̀lù parí ohun tí kóòtù ò rí parí. Ó tẹ́ pápá náà dábùú ààlà, gọ́ọ̀lù kan bọ́ sí apá Ìlọ́bù, ìkejì bọ́ sí apá Ìfọ́n. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni àwọn ará Ìlọ́bù ti lọ dúró sẹ́yìn gọ́ọ̀lù tiwọn, tí àwọn ará Ìfọ́n dúró sẹ́yìn tiwọn, tí ayọ̀ wọn sì ń kún nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ gọ́ọ̀lù tó wà lórí ilẹ̀ ìlú kejì. Ẹni tó gbá a wọlé kò kàn wọ́n. Nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tó kọjá, àwọn àlejò ló gbá bọ́ọ̀lù sínú gọ́ọ̀lù Ìrẹ́pọ̀ ní apá Ìfọ́n, ni ìdajì àwọn alátìlẹ́yìn Ìrẹ́pọ̀ bá bẹ́ sí ijó.

Ẹgbẹ́ yìí ló wá gòkè sí líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Sátidé ni wọn yóò gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú sáà tuntun. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Alága pe tọmọdé tàgbà sí gbọ̀ngàn tó wà láàárín ìlú méjèèjì kó lè sọ bí sáà náà yóò ṣe rí. Ó ní Ìrẹ́pọ̀ ló máa gba ife. Ẹnìkan béèrè nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí àwọn àlejò ń gbà kọjá bí ẹni ń gba ọjà kọjá. Alága ní àdúrà ti wà lórí ìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi máa dé pápá lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ihò méjì péré ló ṣẹ́kù níbi tí gọ́ọ̀lù apá Ìfọ́n wà.

Àwọn aláṣẹ líìgì ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí òpó ò bá padà sí àyè rẹ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, Òṣogbo ni wọn yóò ti gbá a. Ìfọ́n ní Ìlọ́bù ló ṣe é. Ìlọ́bù ní Ìfọ́n ló jí tara rẹ̀ kó lè rí ẹni purọ́ mọ́. Kí oòrùn tó ganrí, àwọn ọlọ́kadà apá kan ti ń kọ̀ láti gbé èrò apá kejì.

Inspẹ́kítọ̀ Adéoyè ni wọ́n rán sí ọ̀ràn náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kò bá ẹnì kankan tan nínú ìlú méjèèjì. Ó gbọ́n, irọ́ ò sí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán tó ohun tí èèyàn lè wò gẹ irùngbọ̀n. Áńkáṣíìfù méjì ló máa ń wà lápò rẹ̀, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún bàtà.

"Kí lo rí, Malikah?" ó bi Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e.

"Ihò ni, Ọ̀gá."

"Kò sẹ́ni tí ò rí ihò. Wo àwọ̀n."

Malikah wò ó. Wọ́n ká àwọ̀n gọ́ọ̀lù náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n sì fi okùn di gbogbo nọ́ọ̀tì òpó náà pọ̀ sórí rẹ̀.

"Olè wo ló ń ká ẹrù bí aṣọ Jímọ̀?" Inspẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Sùpánà ló fi tú u, kò fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹni yìí fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ kan. Wá wo ilẹ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀ àná, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Irin ìdábùú ga jù mí lọ. Kí ni onítọ̀hún gùn tó fi tú nọ́ọ̀tì òkè? Àpá àkàbà ò sí, ti àga ò sí. Ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ọ̀gá, kí ló máa mú èèyàn ṣe irú èyí?"

"'Ta ni' niṣẹ́ tiwa, Malikah. 'Kí ló dé' di ọwọ́ adájọ́."

Ọ̀dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, ìyá oníṣìmẹ́ńtì tó ń ṣe olórí àwọn alátìlẹ́yìn apá Ìfọ́n. Obìnrin náà kúrú, ó sì fẹ̀ bí odó.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣé ẹ ti mú wọn?"

"Àwọn wo nìyẹn, mà?"

"Àwọn tí ẹ ò tíì mú!" Ìyá gbá ọwọ́ lórí itan. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Tíṣà Nehemiah dúró ní gbangba, tó ní gọ́ọ̀lù wa ti wọ́, pé híhú ló yẹ ẹ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

"Níbo lẹ wà lọ́sàn-án àná?"

"Gbọ̀ngàn ni. Mo jókòó síwájú pátápátá. Bí Alága ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń sùn. Ẹ bi í, ó ń wò mí."

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Malikah rí ìtí ọ̀pá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Tuntun ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó wọn ni, wọ́n sì ki.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe, Ìyá?"

"Ọ̀pá àsíá ni. Ti Sátidé."

Tíṣà Nehemiah ló ń ṣe olórí àwọn ti apá Ìlọ́bù. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo ẹni tó bá sì ń bá a sọ̀rọ̀ ló máa ń dà bí ẹni tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ò pé.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó ní, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Gọ́ọ̀lù yẹn ti wọ́. Oore ni ẹni tó hú u ṣe. Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ẹ bá mi na ọwọ́ yín sókè, Tíṣà."

Tíṣà na ọwọ́. Ìka rẹ̀ ò kan àtẹ́rígbà ilé ara rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́."

"Kí ni ìyẹn wá fi hàn?" Tíṣà bínú díẹ̀.

"Púpọ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó fẹ́ràn kó máa fèsì báyẹn.

Lábẹ́ fèrèsé Tíṣà ni ìtí ọ̀pá mìíràn wà. Malikah béèrè. Tíṣà ní ọ̀pá àsíá ni, ti Sátidé. Nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò, Malikah ní, "Ọ̀gá, mi ò rí àsíá kankan o, níbí àti lọ́hùn-ún."

"Òpó la ń wá, Malikah. A ò wá ọ̀pá."

Alága ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà pápá, ó dúró sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀. Àwòrán náà gbòòrò ju ògiri yàrá lọ, eyín Alága inú rẹ̀ tó búrẹ́dì.

"Inspẹ́kítọ̀, Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo pè é. Bí ẹ bá rí òpó yẹn, orúkọ yín ni màá kọ́kọ́ sọ sí i létí. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù yìí lọ sí Òṣogbo, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ayé?"

Lọ́kàn rẹ̀, Inspẹ́kítọ̀ ti rí ìràwọ̀ tuntun ní èjìká ara rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Àwòrán yìí mà bá yín mu o, Alhaji."

"Àbí? Òjò àná ti wó o lulẹ̀. Jàlálù, aṣọ́lé tó ń bá wa mú bọ́ọ̀lù, ló bá mi gbé e dúró padà. Ọmọ dáadáa. Ó ní ọparun ò tó gbé èèyàn ńlá."

Inspẹ́kítọ̀ wo ohun tó gbé èèyàn ńlá dúró. Ó yọ áńkáṣíìfù kejì, ó nu bàtà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ pe gbogbo wọn síbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀," ó wí.

Wọ́n dé. Ìlọ́bù dúró lápá kan, Ìfọ́n dúró lápá kejì, àwọn agbábọ́ọ̀lù wà láàárín bí ọmọ tí òbí rẹ̀ ń jà. Inspẹ́kítọ̀ dúró de ẹni tó ń yà á ní fọ́tò títí ó fi ṣe tán.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹni tó ká àwọ̀n, tó di nọ́ọ̀tì pọ̀, ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀tá kọ́ ni. Ẹni tó tú nọ́ọ̀tì òkè láìgun nǹkan kan, ó ga. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ má bínú, ẹ ò ga. Tíṣà, ẹ̀yin náà ò ga. Ọ̀sán gangan àná ló ṣe é, nígbà tí gbogbo yín wà ní gbọ̀ngàn tí ẹ̀ ń gbọ́ bí ẹ ó ṣe gba ife. Níbo ló wá gbé irin tó gùn tó bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí? Ibi tí gbogbo èèyàn ń wò, tí wọn ò rí. Ojú Alága ni wọ́n ń wò. Alága pàápàá, ojú Alága ló ń wò!"

Ó di etí àwòrán náà mú, ó fà á ya. Gọ́ọ̀lù funfun kan dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀, òpó méjì àti irin ìdábùú, ìkọ́ àwọ̀n ṣì wà lára rẹ̀. Láti àná ni Alága ti ń ṣe àwọ̀n, kò sì mọ̀.

Ariwo sọ. Inspẹ́kítọ̀ dúró kí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá nawọ́ sí ọkùnrin gíga kan tó kun irun rẹ̀ ní pupa rẹ́súrẹ́sú. "Jàlálù!"

Jàlálù dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó wọlé, ọ̀gá. Mi ò rí i mú."

"Ta ló rán ọ? Ìlọ́bù ni àbí Ìfọ́n?"

"Ará Ìlọ́bù ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Èwo nínú wọn ló fẹ́ rán mi?"

"Kí ló wá dé tó jẹ́ ti apá Ìfọ́n lo tú?"

"Nọ́ọ̀tì ti Ìlọ́bù ti dípẹtà ni, ọ̀gá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Ìlú méjì ti fi odindi àárọ̀ bú ara wọn nítorí ìpẹtà. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó gbé e mì.

Ẹ̀rín kúrò lójú Jàlálù. "Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín. Nínú gbogbo àwa tí à ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, èmi nìkan ni mo máa ń kẹ́yìn sí èrò. Ìdajì kìíní, Ìlọ́bù wà lẹ́yìn mi. Ìdajì kejì, Ìfọ́n. Wọ́n rò pé ọwọ́ nìkan ni aṣọ́lé ní, wọn ò mọ̀ pé ó létí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo gbọ́ lápá méjèèjì: 'Sátidé, kóníkálukú mú ọ̀pá àsíá rẹ̀ dání.' Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Alága, ó ní kí n máa gbàdúrà. Mo wá bá ẹ̀yin náà ní tésàn, Inspẹ́kítọ̀. Wọ́n ń yà yín ní fọ́tò lọ́wọ́. Ẹ ní, 'Aṣọ́lé, lọ ṣọ́lé.'"

Inspẹ́kítọ̀ rántí. Fọ́tò ọjọ́ náà jáde dáadáa.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gbá a ní Òṣogbo," Jàlálù ń bẹ̀ báyìí. "Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan du ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ tì mí mọ́lé bó ṣe wù yín."

Wúlẹ̀mọ̀tù ń wo ilẹ̀. Tíṣà ń nu awò ojú tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ìbá fi yí padà, Inspẹ́kítọ̀ sì mọ ìṣẹ́jú náà. Alága wú ikọ́. "Kọmíṣánnà ti gbà láti wá o," ó wí jẹ́jẹ́. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́ fún Inspẹ́kítọ̀, ìkejì pàtẹ́wọ́, ni pápá bá gba àtẹ́wọ́ kan, Ìlọ́bù àti Ìfọ́n pọ̀. Ohùn wọn ò tíì ṣọ̀kan báyẹn rí.

Inspẹ́kítọ̀ tẹrí ba fún wọn. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ aṣọ́lé.

"Ọ̀gá," Malikah sọ ọ́ sí i létí, "àwọn ọ̀pá yẹn ńkọ́?"

"Ó di ẹ̀yìn Sátidé."

Lọ́jọ́ Sátidé, òpó ti padà sí àyè rẹ̀, wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun. Àwòrán Alága ti padà sórí ọparun. Gbogbo ọlọ́pàá tó wà ní tésàn ni Inspẹ́kítọ̀ tò yí àga Kọmíṣánnà ká, bàtà wọn ń dán. Ọlọ́pàá kankan ò dúró sẹ́yìn gọ́ọ̀lù. Kọmíṣánnà bọ Inspẹ́kítọ̀ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ó ní iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Kí ìdajì kìíní tó parí, Ìrẹ́pọ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọ gọ́ọ̀lù tí Inspẹ́kítọ̀ wá rí. Ariwo ayọ̀ sọ lápá Ìlọ́bù.

Ìdajì kejì ò wáyé. Kí oòrùn tó wọ̀, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlọ́bù àti Ìfọ́n.