Irin tí Mọ́rúfù fi há táyà

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí tírélà Mọ́rúfù ti wà lórí ìlà àtiwọ èbúté Tin Can l'Ékòó. Ìyàwó rẹ̀ bá ní kí Mujeedat, àbúrò òun tó wálé fún ìsinmi, gbé oúnjẹ lọ bá a láti Ajégúnlẹ̀. Sójà ni Mujeedat, ní ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà tó ń hú ohun tí ọ̀tá bá rì mọ́lẹ̀.

"Àná mi, káàbọ̀!" Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń gbé ìbọn, ìwọ ń gbé ṣọ́bìrì!"

Mujeedat rẹ́rìn-ín, ó na kúlà oúnjẹ sí i. Ni ojú rẹ̀ bá kan abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bọ̀dá Mọ́rúfù, níbo lẹ ti rí irin tẹ́ ẹ fi há táyà yẹn?"

"Ẹ̀bá ọ̀nà Maiduguri ni. Igi tí mò ń lò ti là. Irin gidi mà ni! Bí ìlà bá ti dúró báyìí, òòlù ni mo fi ń gbá a wọlé."

"Ẹ má gbá a mọ́. Àdó olóró ni."

Àfi fáà! Onoriode, awakọ̀ tírélà tó wà lẹ́yìn wọn, ti tẹ fèrè. "Oga Morufu, move na! Dem don open gate!"

Mọ́rúfù bojú wo géètì. "Mujeedat, bí mo bá pàdánù ààyè yìí, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni? Bá mi yọ ọ́."

"Iṣẹ́ mi ni, ìyẹn ni n ò fi ní fọwọ́ kàn án. Àwọn tó fọwọ́ lásán kàn án nínú wa, orúkọ wọn là ń pè lọ́jọ́ ìrántí."

Kò pariwo. Ó ń ti ara ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bá eléyìí sọ Yorùbá, ó ń bá tọ̀hún sọ pidgin: kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀. Awakọ̀ Tin Can tí kì í gbọ́ ti ọlọ́pàá, wọ́n tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan lókèèrè. Ibẹ̀ ló ti wá gbé fóònù, tó pe 112. Ẹnu ya Mọ́rúfù. Ṣé ọmọ tó máa ń pọn ọmọ òun nílé náà nìyí?

Àwọn tó ń tú àdó olóró dé, wọ́n fẹ̀sọ̀ gbé e lọ. Ọ̀gá wọn ní ohun náà ò tíì kú. Ó kàn ń retí ẹni tí yóò gbá a dáadáa ni. Mọ́rúfù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Irú èyí lẹ ń ṣe lójú ogun lọ́hùn-ún?"

"A máa ń dọ̀bálẹ̀, ká máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún iyẹ̀pẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ tó kọjá sóko."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Bọ̀dá. Òun ni kì í jẹ́ kí n kánjú."

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tó ń ra àlòkù irin, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Irin tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ má gbá a, ẹ má dúró yà á ní fọ́tò. Ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ ni kí ẹ gbà padà. Ẹ kó èèyàn kúrò. Ìgbà tí ẹ bá jìnnà dáadáa ni kí ẹ tó pe 112. Sójà tó kọ́ iṣẹ́ náà gan-an ò fọwọ́ lásán kàn án.

Mọ́rúfù padà sí ìdí ìlà lọ́jọ́ náà, ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà sí i. Ààyè á tún yọ lórí ìlà. Ọwọ́ tó bá já kì í hù.