Wẹ́dà àti Ọkọ̀ Pupa Bàbá Mi

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, iná sì ń ta jáde níbẹ̀ pàrà-pàrà bí ẹni pé wọ́n ń dáná sun ún. Mo figbe ta. Mo sá. Bàtà mi kan bọ́, n kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìwọ tí ò ń sá yẹn!" ohùn kan ké láti abẹ́ ọkọ̀. "Ṣé bàtà yìí ò fẹ́ sá ni, tí o fi fi í sílẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá ti rántí ọjọ́ yẹn, inú mi a máa dùn bí ẹni pé àná ni. Ẹ̀rù ló kó mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ẹ̀rù náà ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi ló rán mi níṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ wẹ́dà yẹn, ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀. Ó ní ọkọ̀ pupa kan, ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́. Ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ tẹrí ba fún un. Inú rẹ̀ ni òun àti ìyá mi ti lo ìgbà èwe wọn. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ọkọ̀ náà kàn dúró nínú gáréèjì, ìpẹtà sì jẹ sailẹ́ńsà rẹ̀ tán, páìpù tó ń gbé èéfín láti ibi ẹ́ńjìnì títí dé ìdí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ mọ́. Àfi kí ènìyàn jókòó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

"Ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Bàbá sọ fún wẹ́dà náà.

Nígbà tí mo yọ́ padà wá mú bàtà mi, ó ti jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ibi tí awò rẹ̀ bò. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi.

"Kí lò ń rín?"

"Ojú rẹ. Ó dà bí òwìwí tó ki orí bọ ìkòkò."

"Òwìwí ò kúkú ju bàtà nù," ó ní, ó na bàtà sí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará ibẹ̀. Bàbá kò rán mi mọ́, èmi ni mò ń rán ara mi.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Wẹ́dà mú wáyà líle kan, ó tẹ̀ ẹ́ gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó yà fún irin kan níbí, ó fo irin mìíràn lọ́hùn-ún, wáyà yẹn ló fi ṣe àwòṣe. Lẹ́yìn náà ó ki yanrìn gbígbẹ kún inú páìpù kí ó tó fi iná rọ̀ ọ́, kí ikùn rẹ̀ má baà wọlé níbi tó bá ti tẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fi igi gbá páìpù lára kí yanrìn lè kì. Mò ń gbá a, mò ń kọrin:

Jókòó, yanrìn, jókòó,
Àlejò kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà,
Wọlé wá, jókòó o.

Wẹ́dà á gbè é láti ẹ̀yìn ìbòjú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó burú ju ti ayùn irin lọ.

"Olórin," ó ní lọ́jọ́ kan, torí bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "tí mo bá parí ọkọ̀ yìí, kí ni wàá máa wá ṣe níbí?"

"Ìwọ ni kí o sọ."

"Mo fẹ́ kí o máa wá. Rárá, n ò fẹ́ kí o máa wá. Mo fẹ́ kí o máa gbé lọ́dọ̀ mi."

Mo gbé igi sókè láti gbá páìpù. Ìka ara mi ni mo gbá.

Ó wá bá Bàbá fúnra rẹ̀, ó ti fọ ojú, ó wọ aṣọ tó mọ́. Ṣùgbọ́n a ní Adájọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Kò dé kóòtù rí, àmọ́ kò sí ẹjọ́ tí kì í dá.

"Wẹ́dà!" ó ní. "Ẹni tó ń fojú ko iná lójoojúmọ́! Kó tó pé ogójì ọdún, ìwọ ni wàá máa fà á lọ́wọ́ kiri. Ṣé ọkọ lò ń wá ni, àbí ẹni tí wàá máa mú sọdá títì?"

Bàbá kò gbà, kò sì kọ̀. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ mi bá parí ni n ó fèsì," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bá mi sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ náà má parí. Ẹ̀rù tún ń bà mí kí ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú. Wẹ́dà ti gbé gbogbo páìpù náà sípò, ó ń dán láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí jáàkì kí ó lè wò ó bóyá páìpù yóò máa ha ilẹ̀. Kò ha á. Ó nu ọwọ́.

"Ó ku díẹ̀," ó ní. "Ọ̀pá tí mo fi ń jórin ló tán. Mò ń bọ̀, ẹyinjú mi."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́nà ni Bàbá dé, Adájọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì rẹ̀ ńlá.

"Ṣé ó ti parí?" Bàbá bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Páìpù wà níbẹ̀, ó gún régé. Kí ló tún wá kù? Èsì tí Bàbá fẹ́ fún wa ló gba gbogbo ọkàn mi. Ahọ́n mi yá ju orí mi lọ.

"Ó ti parí, Bàbá. Wẹ́dà ní ó ti parí."

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Háà, ohùn tó jáde! Ó kọ́kọ́ kùn, ó wá bú, gbogbo páànù òrùlé ìsọ̀ náà gbọ̀n. Omi bọ́ lójú bàbá mi. Adájọ́ pàápàá kò rí ẹjọ́ dá. Ó tẹrí ba wọlé, ó gbé báàgì lé orúnkún. "Wà á, ká wò ó." Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí gíláàsì sókè, wọ́n lọ. Èmi ń jó nínú òjò.

Mo ṣì ń jó nígbà tí Wẹ́dà gun alùpùpù rẹ̀ dé. Ó wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá tó rà tú dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé e lọ?"

"Bàbá ni. Ó mà dùn o! Ṣé o ò gbọ́..."

"Olórin, n ò tí ì jó o!"

"Ṣebí o ti jó o. Mo rí i."

"Mo kàn fi iná tọ́ ọ lójú mẹ́ta mẹ́ta ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ni, kó má baà jábọ́. Èékánná lè wọ àárín rẹ̀! Ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn sì ti lu, kápẹ́ẹ̀tì nìkan ló bò ó. Gbogbo èéfín yẹn, inú ọkọ̀ ló ń lọ. Èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kì í rùn, oorun ló ń gbé wá." Ó di apá mi mú. "Ṣé wọ́n ti gíláàsì?"

Mo wo òjò. "Wọ́n tì í."

N kò gun alùpùpù rí. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀bọ, òjò ń nà wá lójú bí ẹgba. Ẹ̀rù bà mí débi pé orin kò wá. Ẹ gbọ́ o, èmi, orin kò wá! Ohun kan ṣoṣo tí inú mi ń sọ ni pé mo ti pa bàbá mi. Mo ti pa bàbá mi nítorí ọkọ.

Ní oríta, Wẹ́dà tẹ bíréèkì. "Ọ̀nà wo?"

Ọ̀kan lọ sí àárín ìlú, ọ̀kan gun òkè. Bí mo bá ṣì í, ó parí nìyẹn. "Òkè," mo ní. "Ibẹ̀ ni òun àti ìyá mi máa ń gbà."

Ìdajì òkè la ti rí wọn. Ọkọ̀ pupa náà ti yà sẹ́bàá ọ̀nà, táyà kan wà nínú kòtò, ẹ́ńjìnì ṣì ń kùn. Gíláàsì ti funfun. Mò ń gbá a, mò ń ké, "Bàbá! Bàbá mi!" Orí rẹ̀ wà lórí sítíárìn. Adájọ́ fara ti ilẹ̀kùn bí ọmọ tó sùn. Wẹ́dà fi sípánà fọ́ gíláàsì, ó na ọwọ́ pa ẹ́ńjìnì, ó fa Bàbá jáde, èmi fa Adájọ́. A tẹ́ wọn sínú òjò.

Bàbá ló kọ́kọ́ húkọ́. Adájọ́ kò mira. Mo gbá a létí. Ẹ foríjì mí, mo gbá àgbà létí! "Ẹ jí, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí, ẹ wá dá ẹjọ́ mi!" Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó bì, ó la ojú kan.

"Ta ló gbá mi?"

Ọkọ̀ kan tó ń kọjá ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà ki páìpù afẹ́fẹ́ sí wọn nímú, ó ní ká máa dúpẹ́, pé ká ní ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Wẹ́dà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há. "Ọmọ mi ní o ní ó ti parí. Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

Wẹ́dà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo lè ya gbogbo ìlà tó wà lára ilẹ̀ yẹn fún yín di òní.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àṣìṣe mi ni."

"Má dé ilé mi mọ́."

Ó tẹrí ba, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi lè la ẹnu. Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé Bàbá tún lè wo ojú mi? Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá gbé ọkọ̀ wọn kúrò ní ìsọ̀ Wẹ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta mo yọjú síbẹ̀. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

"Kí ló dé tí o fi gbé ẹ̀bi mi?"

"Bàbá rẹ nìkan ló kù fún ọ," ó ní. "Èmi lè rí ọkọ̀ míì ṣe." Mo wò yíká. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Mo sáré délé. Bàbá àti Adájọ́ wà ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Irọ́ ni mo pa. Wẹ́dà sọ fún mi pé ó ku díẹ̀. Èmi ni mo ní ó ti parí, torí mo fẹ́ gbọ́ èsì yín. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Bàbá kò wò mí. Adájọ́ ló sọ̀rọ̀.

"Ṣé pé ọ̀gbẹ́ni yẹn purọ́ lójú mi, ní ilé ìwòsàn, tí nǹkan wà nímú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ náà purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òpùrọ́ méjì. Ẹ kúkú yẹ ara yín." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ránṣẹ́ pè é."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo lé ẹni tí kò ṣẹ̀ mí," ó ní. "Kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀, n ó bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ láéláé. Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi ọmọ mi fún ẹni tí mò ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"

Wẹ́dà jó o. Ó jó o yípo-yípo, kò fi ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹnu páìpù, ó tan ẹ́ńjìnì, ó fi omi ọṣẹ kun gbogbo oríkèé rẹ̀, kò sí èyí tó hó. Ó jó irin pẹlẹbẹ dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀, ó pààrọ̀ gíláàsì tó fọ́. Síbẹ̀, nígbà tó gbé e dé iwájú ilé wa, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

"Èmi nìkan ni n ó wà á," ó ní. "N ó ti gíláàsì. Ẹ máa wò mí."

Ìjókòó kejì ṣófo. Láyé yìí, kò sí ohun tí mo bẹ̀rù tó ìjókòó yẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé.

"Sọ̀kalẹ̀!" Bàbá ké.

"Bàbá, n ó máa kọrin. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ó dára. Bí orin bá dá, ẹ fọ́ gíláàsì." Mo yí i sókè.

Wẹ́dà ń wà á lọ, ó ń wà á bọ̀ ní ojú pópó wa, díẹ̀díẹ̀, fún odidi wákàtí kan. Mo kígbe orin bí ẹni tí ilé ń jó mọ́:

Mo wà ńbẹ̀ o, mo wà ńbẹ̀,
Bàbá mi, mo wà ńbẹ̀,
Èémí wọlé, èémí jáde,
Mo wà ńbẹ̀.

Bó bá tán lẹ́nu mi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí ojú mi bá fẹ́ wúwo báyìí, mo máa ń bi ara mi: ṣé èéfín náà nìyí? Wẹ́dà á fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Olórin mi, má dákẹ́. Jọ̀ọ́, má dákẹ́." Òun náà ń sunkún.

Nígbà tó yá, itọ́ há mi lọ́nà ọ̀fun. Orin dá. Mo rí Bàbá tó he òkúta nílẹ̀, tó ń sáré bọ̀ bí ọmọ ogún ọdún.

"Mo wà ńbẹ̀!" mo fipá kígbe. "Mo wà ńbẹ̀ o!"

Ó dúró láàárín títì. Òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sì rí i pé ó ń gbe orin náà: *ó wà ńbẹ̀ o, ó wà ńbẹ̀.* Adájọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá wá sí ẹ̀gbẹ́ Wẹ́dà, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Bọ́ sílẹ̀, àna mi," ó ní. "Ó kàn mí."

"Ṣé kí èmi náà bọ́ sílẹ̀ ni, Bàbá?"

"Jókòó. Máa kọrin lọ."

Ó tẹrí ba wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yí gíláàsì sókè.