Àkùkọ Orí Àwo Màmá Christina

Ìrù àkùkọ ni mo ń kùn lọ́wọ́ tí ọwọ́ mi fi yẹ̀, ni ilà búlúù kan bá ṣáko lọ sétí àwo. Èmi Ṣìmí, ọlọ́gbọ́n àṣejù, mo mú aṣọ tútù, mo fi nù ún. Gbogbo ẹfun ojú àwo bá aṣọ lọ, amọ̀ pupa yọ síta.

Ọkọ Màmá Christina ló mọ àwo yẹn. Ó sun ún lẹ́ẹ̀kan, ó fi omi ẹfun tó máa ń dán bí wọ́n bá tún un sun nínú iná bò ó, ó sì kú kí ìyàwó rẹ̀ tó kùn ún. Ojú màmá ti wá di bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ló bá ní kí n bá òun kùn ún. Ó ní ní Ítálì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀. Vietri ló ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́; Grottaglie, ìlú òun àti ọkọ òun, ló ni àkùkọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ lórí bébà.

Ìyá mi ló ń tọ́jú màmá yìí ní Stapleton, lókè òkun níbí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Ìsẹ́yìn, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan nílé ìwé. Bí mo bá ń jẹun ọ̀sán, àwọn àga tó yí mi ká á ṣófo. Ilé màmá nìkan ni wọ́n ti ń retí mi, ẹ̀rù sì bà mí pé màá pàdánù ẹ̀.

Nígbà tí màmá pè mí láti pálọ̀ lọ́jọ́ tí mo ba àwo jẹ́ pé ṣé mo ti parí ẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé màá gbé e lọ sílé ìwé, níbi tí ààrò ìsun-amọ̀ wà, kí wọ́n bá wa sun ún. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Mo ki àwo bọ báàgì. Àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ó ti jáde nínú iná, irọ́ kan sì di mẹ́ta. Nígbà tó sú mi, mo sọ fún ìyá mi pé ìdánwò ti dé tán, mi ò débẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èmi àti ògiri fi ń wojú ara wa. Ọkàn mi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gbé àwo lọ bá a, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó fi ìka tọ ibi tí ẹfun ti bó.

“Ó dùn mí,” ó ní. “A kì í nu ilà tó bá yẹ̀. A máa ń sọ ọ́ di ìyẹ́ ni. Ká ní o bi mí, màá ti sọ fún ẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú.”

“Ti àwo ti tán. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bó bá ti di aago mẹ́ta, mo máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ẹ.”

Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ fún mi pé kí òtítọ́ tó bá irọ́, ẹnì kan lè ti máa dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.