Ìlà Funfun Ara Òkúta Salimat

"Lami, ṣé o ti fi èékánná họ ọ́?"

Bàbá mi, Bẹ̀llò, ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti orí ẹní. Ojú ń dùn ún lọ́dún náà, ọdún tí reluwé kọ́kọ́ wọ Ìlọrin, èmi ni mo sì ń bá a lọ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta nínú agboolé wa ní Gàmbàrí. Òkúta pupa ni wọ́n mọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n Salimat tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní kí aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo wà láàárín tòun. Mo ti lọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ń dán bí ojú ológbò.

Mo yí i padà. Ìlà funfun kan, tín-ín-rín bí irun, gba ìdí rẹ̀ kọjá. Mo họ ọ́, lẹ́búlẹ́bú jáde. Nínú iṣẹ́ wa, òkúta tí èékánná bá ti lè họ, jíjù ni.

Jummai ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí. "Fi òrí pa á," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ni yóò yọjú wo ìdí ìlẹ̀kẹ̀? Ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì o!"

Mo ronú. Bí a bá pẹ́, wọ́n á ní Bẹ̀llò ti fọ́jú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi òrí pa á, ìlà náà sì pòórá.

"Mo ti họ ọ́, Bàbá. Ó le."

"Alihamdulilahi."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, Salimat wọlé, ó la àtẹ́lẹwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti là sí méjì.

"Bàbá Lami, ẹ kú ilé. Mo kàn wẹ̀ ni o. Àwọn ìyáálé mi ní amọ̀ ni mo fi ń yangàn."

Bàbá Danjuma, tó máa ń kó òkúta wá fún wa láti òkè Ọya, wà níbẹ̀. Ó gba ìlàjì kan.

"Mo mọ òkè tí èyí ti wá," ó ní. "Nísàlẹ̀, òkúta ibẹ̀ dúdú, ó wúwo, ó le bí irin. Ṣùgbọ́n ó máa ń sán. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ á gba ibi tó sán wọlé, á máa yí i padà díẹ̀díẹ̀, á di aláwọ̀ ewé, á máa yọ̀ bí awọ ejò. Bí omi ò bá dáwọ́ dúró, á funfun, á rọ̀ bí ọṣẹ. Òkúta kan náà ni o. Òyìnbó kan tó ń yẹ òkúta wò sọ fún mi pé abẹ́ òkun ni òkè yẹn ti wá."

"Òkun kẹ̀? Lókè Ọya?" Salimat gbàgbé ìbínú.

"Ohun tó wí nìyẹn. Èmi ò rí òkun rí. Ṣùgbọ́n ìlà funfun yìí, ọ̀nà omi ni. Ẹni tó lọ̀ ọ́ á ti rí i."

Bàbá mi tẹríba. "Ojú mi ni. Ẹ má bínú. Ó tó kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

Mo dìde. "Rárá, Bàbá! Mo rí i. Èmi ni mo fi òrí pa á."

Salimat mi orí. "Lami, ò bá ti sọ fún mi. Pupa nìkan ni ǹ bá lò fún ìgbéyàwó."

Bàbá ò nà mí, kò bú mi. Mo lọ òmíràn fún Salimat. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í bi mí léèrè mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń gba òkúta kọ̀ọ̀kan, tó ń fi èékánná tirẹ̀ họ ọ́. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Òjò ọdún kejì ti dá kí n tó tún gbọ́ ọ láti orí ẹní:

"Lami, ṣé o ti họ ọ́?"

Omijé bọ́ lójú mi sórí òkúta.

Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ tí mo pa kò ju irun lọ, ọdún kan gbáko ni mo fi tún un ṣe. Bí ẹ bá rí àléébù nínú iṣẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rí i.