Ìwé Ìbí Yaretzi àti Èdìdì Tó Kù

Láàárọ̀, kí Màmá Refugio tó yí tòtíyà kejì, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, lórí irin gbígbóná, yóò ti gbọ́ ikọ́ Yaretzi láti inú yàrá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìlú Dalton ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ni Noemí, ọmọbìnrin Màmá, bí i sí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, tí kò sẹ́ni tí yóò máa mójú tó o, Noemí fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níbí ní Jerez, ní orílẹ̀-èdè Mexico. Láti ìgbà náà, ńṣe ni Màmá ń ṣe bí ẹni tó tún ọmọ bí lọ́jọ́ ogbó.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí wọ́n forúkọ Yaretzi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kó lè máa gba oògùn àyà rẹ̀ déédéé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé orúkọ ọmọ náà kò sí nínú ìwé ìjọba Mexico rárá. Màmá mú ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ní èdìdì kan kù tí kò sí lára rẹ̀. Ó jáde síta, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wá irú èdìdì bẹ́ẹ̀.

Melquíades, tó máa ń jókòó síwájú ọ́fíìsì náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, tó ń báni kọ̀wé gbowó, pè é. Ó bi í pé kí ni wàhálà. Nígbà tí Màmá sọ fún un, ó ní: "Màmá, ta ló mọ Dalton? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé inú yàrá yín ni wọ́n bí i sí. Ẹ ṣáà wá ẹlẹ́rìí méjì."

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá létí. Kì í ṣe nítorí oògùn nìkan. Bí ìwé bá ti sọ pé Jerez ni wọ́n bí ọmọ sí, ta ni yóò tún wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó gba ilé Obdulia lọ kó lè bá a ṣe ẹlẹ́rìí. Comadre ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn, nítorí Obdulia ló gbé Noemí lọ síbi ìrìbọmi gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì rẹ̀. Ó tún ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé ewé nopal, ewébẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ń fá ẹ̀gún rẹ̀, sílẹ̀.

"Comadre, ọmọ kan lo fẹ́ sọ di méjì lórí ìwé yẹn. Ọ̀kan ọmọ Dalton, ìkejì ọmọ Jerez. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀, èwo nínú wọn ló máa wọ bàálù?"

Màmá ní, "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ tèmi náà ni."

Obdulia rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó ń bá ọ jiyàn lórí ata láràárọ̀? Ta ló ní kì í ṣe tìẹ? Ìwé kì í báni bímọ."

Ó wá là á yé e. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Màmá, kò wúlò. Noemí ni yóò gba ẹ̀dà tuntun tí ìjọba Georgia fọwọ́ sí, ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni yóò sì lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn. Àpọ́sítíìlì ni wọ́n ń pe ìwé kékeré náà, òun ni èdìdì tó kù. Ó ń jẹ́rìí fún orílẹ̀-èdè mìíràn pé ojúlówó ni ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ tó wà lórí ìwé. Mexico kò lè ṣe é fún ìwé Georgia. Lẹ́yìn náà, ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀ yóò túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èdè Spanish. Ó ní ọmọ Mexico ni Yaretzi nítorí ọmọ Mexico ni ìyá rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i sí kò yí ìyẹn padà.

Wọ́n pe Noemí lórí fóònù. Wọ́n sọ ohun tí Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe fún un.

"Màmá," ó wí, "èmi nìkan ni mo rọbí ọmọ yẹn ní Dalton. Ẹnì kankan ò di ọwọ́ mi mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé kò ṣẹlẹ̀."

Màmá fi ìborùn nu ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ fún Melquíades pé òun kò ṣe mọ́.

Kò yá bí wọ́n ṣe rò. Ìwé tí Noemí kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni èyí tí ilé ìwòsàn fún un, tí ipa ẹsẹ̀ ọmọ wà lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ dá a padà, torí ìwé ìrántí lásán ni. Oṣù méjì kọjá kí ojúlówó tó dé pẹ̀lú àpọ́sítíìlì lára rẹ̀, Obdulia sì ń bá wọn wá oògùn kiri títí di ìgbà náà.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, lẹ́yìn tí ògbufọ̀ ti túmọ̀ ìwé náà, akọ̀wé bi ọmọ náà léèrè ibi tí wọ́n bí i sí. Ó ní, "Dalton ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọmọ Jerez ni mí." Akọ̀wé kọ Dalton, bó ṣe yẹ. Màmá gbé ìwé náà mọ́yà délé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Ẹ̀yin òbí àti ìyá àgbà, bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò gbà á léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí kì í gba àpọ́sítíìlì, ilé aṣojú wọn ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹ gba ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ ìjọba. Ibi tí ìwé ti jáde ni èdìdì rẹ̀ ti ń wá, ẹ má sì sanwó ìtumọ̀ kí èdìdì tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi irọ́ dí àlàfo náà, ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Irọ́ tí a bá kọ sínú ìwé ìbí ọmọ, ọmọ náà ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí àwa kò bá sí láyé mọ́ láti gbẹnu sọ fún un.