Ẹni Tó Wá Ṣínu Nílé Ìyá Àsíátù

"Jókòó, ọmọ mi," ni Sànúsí wí, ó sì fa àpótí kan fún Àsíátù lẹ́yìn ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ nínú ọjà ńlá Lomé. Àsíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mọ̀ pé bàbá òun kì í fa àpótí fún ọmọdé lásán.

"Lọ́la, Lémọ́mù máa bi ọ́ bóyá mo wọ ilé ìyá rẹ lẹ́yìn tí mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Sọ pé o ò rí mi. Tó bá di oṣù kẹwàá, wàá wọ lékọ̀ọ̀lù, ilé-ìwé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà. Èmi ni màá gbọ́ gbogbo bùkátà ẹ̀."

Inú Àsíátù dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Agbẹ̀bí ló fẹ́ dà ní ọsibítù Tokoin, bí àwọn tí ìjọba Faransé ń kọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó rí bàbá rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́ta tí obìnrin Mùsùlùmí máa ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kó tó lè fẹ́ ọkọ mìíràn, ààwẹ̀ wọlé, Sànúsí sì wá ṣínu lọ́dọ̀ ìyá Àsíátù ní àdúgbò Anagokómé. Ó mu ẹ̀kọ, ó jẹ àkàrà, ó sì sùn síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ìyá tó mọ̀ pé òun ti lóyún Wàhábì, àbúrò Àsíátù, ìjà mìíràn ti tú wọn ká.

Ẹnu Sànúsí ló kó bá a. Ó ti lérí níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pé bí òun bá tún tẹ ilé obìnrin yẹn, kí wọ́n má pe òun ní ọkùnrin mọ́. Nítorí ìtìjú yìí ló ṣe sẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí ìyá sì ń dá tọ́ ọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Marie, ará Atakpamé tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, tí kì í jẹ́ kí ebi sùn tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Morìnsọ́lá ìyá Àsíátù pọn Wàhábì wá síwájú Lémọ́mù. Sànúsí ní òun kò tẹ ilé rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀.

"Àsíátù, kí ni ìwọ rí?" ni Lémọ́mù bèèrè.

Bàbá rẹ̀ mi orí sí i. Àsíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Bàámi. Ẹ wá ṣínu nílé wa nínú ààwẹ̀. Èmi ni mo bu omi àlùwàlá fún yín láàárọ̀."

Àwọn àgbà kùn. Sànúsí fò dìde. "Èmi lo dójú tì báyìí?"

"Jókòó, Sànúsí," ni Lémọ́mù wí. "Ọkọ tó bá padà sọ́dọ̀ ìyàwó láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ti gbà á padà nìyẹn. Ìwọ lo bí Wàhábì. Ìwọ ni wàá máa bọ́ ọ, tí wàá sì máa wọ̀ ọ́ láṣọ, bí ẹ ò tilẹ̀ gbé pọ̀."

Oṣù kẹwàá dé, kò sí ilé-ìwé fún Àsíátù. Oúnjẹ Wàhábì ń dé, ṣùgbọ́n Sànúsí kì í wá. Bí àwọn ẹgbẹ́ Àsíátù bá ń kọjá lọ sílé-ìwé, á wọlé lọ sunkún.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kan, Sànúsí fúnra rẹ̀ wá sílé wọn. Morìnsọ́lá kò bá a jà. Ó gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Wàhábì rí irùngbọ̀n, ó dì í mú, ó fà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú bàbá.

"Àsíátù, o ṣeun."

"Bàámi, ẹ ò bínú mọ́?"

"Mo bínú gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní o bá mi purọ́ ni, ta ni ì bá máa fà mí nírùngbọ̀n báyìí?"

"Akpé ná Máwú!" ni Marie fi èdè Mina dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́nu ọ̀nà.

Sànúsí mú Àsíátù lọ sọ́dọ̀ àwọn sísítà. Ààyè ti kún lọ́dún yẹn; ọdún kejì ni wọ́n tó gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní kí ẹ bá òun purọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì kọ̀. Àsíátù kò rí bàbá rẹ̀ fín. Òtítọ́ ló sọ, bàbá náà ló sì kọ́kọ́ dúpẹ́.