Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Léontine

Léontine Chabrol dojú bolẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ewú orí rẹ̀.

Firmin Escudier ló kọ́kọ́ rí i. Aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Òun àti Blandine ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán létí odò, wọ́n wá ń ṣe fàájì tí wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo Sọ́ńdè: kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ohun àtijọ́ kan, kí wọ́n bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n máa fọwọ́ pa àwo àti àga tí wọn ò ní rà láé. Àmì "A ti sé" wà lára gíláàsì. Firmin kàn ti ilẹ̀kùn wò ni. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Blandine, má wọlé."

"Kí ló dé?"

"Mo ní má wọlé."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Firmin fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìntì. Imú rẹ̀ mú débi pé tí ọbẹ̀ bá jóná ní abúlé kẹta, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀, kó tó kan ẹni tó ń sè é. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn olè Montrazel máa ń jẹ́wọ́ kó tó béèrè, kí wọ́n lè tètè lọ sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó ṣí fìlà rẹ̀ kó tó sún mọ́ òkú náà. Ilé ọgọ́ta péré ló wà ní Montrazel. Ẹni tó bá kú níbẹ̀, tìẹ ló kú.

Ó wo yàrá náà yípo. Aago gíga ara ògiri ti dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Irin wíwúwo méjì ló máa ń rọ̀ sínú ikùn irú aago bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń fà á kó lè máa rìn, èkejì ń fà á kó lè máa lù. Eruku bo ọ̀kan bí ẹni pé láti ayé Nóà ni kò ti wẹ̀. Èkejì ń dán. Firmin bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Àbàwọ́n kan wà nídìí ìkọ́ rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tó ti pẹ́ nínú ife.

Ó wo ọwọ́ òkú. Léontine di abẹ́rẹ́ gígùn kan mú, irú èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìbora àga. Ìyẹ̀fun igi lẹ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Ìyẹ̀fun yẹn funfun. Gbogbo igi tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló dúdú.

Sájẹ́ńtì Thibaud dé. Firmin ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì. Kó tó di aago mẹ́ta, Thibaud ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Anselme ni, ẹni tó ń tún aago ṣe ní Montrazel. Anselme, ọmọ ìyá Blandine.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Thibaud wí. "Wọ́n rí i tó ń kan ilẹ̀kùn yìí ní méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo aago. Wọ́n jà, aago gbọ̀n, ó dúró. Gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti obìnrin yìí ò fi kí ara wọn."

"Torí kí ni?"

"Léontine sọ nílé kọfí pé ọwọ́ Anselme ti ń gbọ̀n, pé òun máa gbé aago òun fún ẹlòmíì. Anselme ní ẹnu yẹn ló máa pa á."

"Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ló yẹ kó ti pa wọ́n nílùú yìí."

"Ọ̀gá, aago márùn-ún ni mò ń gbé e lọ."

Blandine fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá Colette, ẹ gbọ́ mi. Ẹ mọ bí àyà Anselme ṣe rí. Tí wọ́n bá gbé e kọjá afárá odò lọ sí àtìmọ́lé, òkú ẹ̀ la máa lọ gbé. Gbogbo ayé lẹ ti bá wádìí ọ̀rọ̀. Ẹ bá èmi náà wádìí ẹyọ kan."

Firmin wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku wákàtí méjì.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Anselme nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìjà náà ti sú mi."

"O wọlé?"

"Mo kan ilẹ̀kùn. Kò dáhùn. Mo lọ."

"Ó parí?"

Anselme ò wojú rẹ̀. "Ó parí."

Ẹni tó rí Anselme lẹ́nu ilẹ̀kùn ló jókòó níta ilé kọfí. Joost ni, ará Họ́láńdì kan tó ga débi pé òjò á ti pa orí ẹ̀ kí àwọn yòókù tó mọ̀ pé ó ń rọ̀. Ọdọọdún ló ń wá ra ohun àtijọ́ kiri agbègbè yìí. Inú ń bí i.

"Ère mi dà?" ni Joost bi í. "Mo gbé ère Ẹni Mímọ́ kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ wá fún obìnrin yẹn láàárọ̀, kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ère náà ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Níbo lo ti rà á?"

"Lọ́wọ́ Fulcran, ní òdìkejì ojúde yìí, lọ́dún tó kọjá. Ó ní ó ti lo irínwó ọdún. Obìnrin yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó dákẹ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀ dọ̀sán, pé ó nẹ́nì kan tóun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ta ni, kò sọ. Mo jágbe mọ́ ọn, mi ò purọ́. Mi ò lè retí dọ̀sán; nígbà tí mo padà lọ bá a ní mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti sé."

Thibaud tó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Léontine kì í sé kó tó di ọ̀sán gangan, àfi tí ayé bá fẹ́ parẹ́. Àjèjì ni. Ó ka àmì yẹn sódì."

Firmin ò rẹ́rìn-ín.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Fulcran Mazel. "Ojú Montrazel" ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Wọ́n ní tó bá wo àga kan, ó lè dárúkọ ìdí àkọ́kọ́ tó jókòó lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú ńlá ń wá bi í léèrè. Firmin bá a tó ń sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èékánná rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ń bó awùsá.

"Firmin, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi."

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Àná. Láàárọ̀ yìí mi ò jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Aago rẹ̀ lu méjìlá, ó tún un lù bó ṣe máa ń ṣe, mo bá ti ilẹ̀kùn mi, mo lọ bá àwọn panápaná jẹun. Ogún èèyàn la jọ jókòó."

"O gbọ́ ọ tó lu méjìlá?"

"Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ yìí."

Firmin jáde. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, kò sì tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìjà ló gbọ́ ní ilé Ìyá Zélie, opó tí ògiri ilé rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù Léontine jọ kanra. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń pariwo.

"Ẹran tútù lẹ fún wa jẹ, Ìyá! Mo ki fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, ó ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Fi orúkọ mi sílẹ̀. Aago Léontine ni kó o lọ bá jà."

Firmin dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Zélie, aago ṣe báwo?"

"Ṣé àlejò ni ẹ́ ni, Firmin? O ò mọ bí àwọn aago àtijọ́ wa ṣe ń ṣe ni? Á lu wákàtí. Tí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá, á tún un lù, nítorí ẹni tí kò kà á pé. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ṣe ẹran Sọ́ńdè. Tó bá kọ́kọ́ lu mọ́kànlá, mo dìde, mo fi iyọ̀ ra ẹsẹ̀ àgùntàn. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo tì í sínú ààrò. Lónìí, ó lu mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ẹran dání bí ọmọ ìkókó, mò ń retí. Mo retí títí. Kò tún un lù."

"Ẹ gbọ́ nǹkan míì?"

"Nǹkan kan wó lulẹ̀. Ìgbà wo ni nǹkan kì í wó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

"Méjìlá ńkọ́? Ó lu méjìlá?"

"Kò lu nǹkan kan. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀sán ti pé, ẹran sì wà lọ́wọ́ mi."

Firmin fi ẹnu ko arúgbó náà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọkọ ọmọ rẹ̀ bojú wo ibòmíì.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago márùn-ún lù, Firmin ti kó gbogbo wọn, Joost àti Fulcran náà, sínú ṣọ́ọ̀bù Léontine. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Blandine di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà.

"Thibaud, irin wo ló ń fa lílù aago yìí?"

"Èyí tó ń dán."

"Kí ló dé tó ń dán, tí ìkejì rẹ̀ sì dọ̀tí?"

Thibaud bẹ̀rẹ̀ níwájú irin náà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Ẹnì kan já a kúrò lórí ìkọ́, ó là á mọ́ Léontine lórí, ó nù ún, ó sì fi í padà. Aago tí irin rẹ̀ ò sí lára rẹ̀ ò lè lù. Ó ti lu mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan, kò rí èkejì lù. Láàárín ìṣẹ́jú méjì náà ni wọ́n pa á, kì í ṣe méjìlá kọjá ogún. Ẹni yẹn dá aago dúró, ó fi ìka ti ọwọ́ aago síwájú sí ìgbà tí ogún èèyàn á ti máa wo òun lójú. Ó yí àmì sí 'A ti sé'. Joost ò ka nǹkan kan sódì."

"Ṣùgbọ́n ta ni?" ni Thibaud bi í.

"Ẹni tó sọ fún mi pé òun gbọ́ méjìlá. Aago tó ti dákẹ́ láti mọ́kànlá, etí wo ló fi gbọ́ ọ, Fulcran?"

Fulcran rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ah, Firmin. Ó ti mọ́ èèyàn lára. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, bó lù bí ò lù."

"Òótọ́ ni. Nítorí náà, fún mi ní ìdáhùn méjì. Anselme ń fi epo ṣe aago. Ta ló ń fi omi èèpo awùsá pa igi tuntun láró nílùú yìí, kó lè dà bí igi àtijọ́? Àbàwọ́n rẹ̀ wà lára irin yìí, ó sì wà léèékánná rẹ. Èkejì: kòkòrò tó bá jẹ igi, ọ̀nà rẹ̀ máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Tí o bá ki abẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀, á há. Ihò tí èèyàn bá fi irin lu kí igi lè dà bí àtijọ́, tààrà ni. Abẹ́rẹ́ Léontine wọlé lọ tààrà, ó kó ìyẹ̀fun funfun jáde. Ère irínwó ọdún, inú rẹ̀ funfun bí wàrà."

Thibaud ti sáré jáde. Kò pẹ́ tó fi padà, ère kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Fulcran, Ọ̀gá. Lábẹ́ àpò."

Fulcran jókòó. Àga tó jókòó lé, kò tilẹ̀ wò ó.

"Léontine pè mí pé kí n wá," ló wí. "Ó ní mo ní títí di aago mẹ́ta láti fi ẹnu ara mi sọ fún Joost yìí pé ayédèrú ni ère náà, lójúde, níṣojú gbogbo èèyàn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká sọ ọ́ ní kọ́rọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ère kan ni, òun á gbà, ṣùgbọ́n mélòó ló wà níta? Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń pè mí ní Ojú. Kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí? Aago lu mọ́kànlá, ó ń lù lórí mi. Mo kàn fẹ́ kó má tún un lù ni, mo já irin náà. Irin wà lọ́wọ́ mi, obìnrin náà sì ṣì ń sọ̀rọ̀."

Thibaud ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Anselme, ó fi sọ́wọ́ Fulcran. Bó ṣe ń kọjá, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí etí Firmin: dókítà ti pè. Léontine ò kú lójú ẹsẹ̀. Ó mí títí ó fi kù díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù.

Blandine gbọ́ ọ. Anselme ò gbọ́. Ó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Firmin, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan," ni Anselme wí.

"Béèrè."

"Láti ìta ni mo ti máa ń gbọ́ ìrìn aago yìí. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ pé kò rìn. Mo ti wá bẹ̀ ẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ pé aago ti kú, inú mi dùn. Mo ní, ó tán, òun ló máa wá bẹ̀ mí kí n tún un ṣe. Mo yí padà lọ sílé. Wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, àbí? Mi ò tiẹ̀ tì í wò." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó ti kú nígbà yẹn?"

Thibaud yanu. Firmin wò ó. Thibaud pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó ti kú tipẹ́," ni Firmin wí. "Irin yẹn ò jẹ́ kó mí lẹ́ẹ̀kejì."

Anselme mi orí. Ó tún mi orí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ fún.

Wọ́n sìn ín dé ilé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé ìta ìlú, Blandine yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Anselme máa gbọ́ òótọ́ ní kóòtù, Bàbá Colette."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un kó tó débẹ̀."

Firmin di ìdarí ọkọ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà.